Ṣé ọ̀ṣọ́ lásán ni fídíò àti ohùn nínú ìwádìí?

Kí olùwádìí kó fídíò, ohùn àti máàpù tó ń yí padà bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ wá síwájú àwọn àgbà ẹ̀ka rẹ̀, àfàìmọ̀ ni wọn ò fi ní bi í léèrè pé: "Èyí wuyì o, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gan-an dà?" Lójú wọn, iṣẹ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ tó kún ojú ìwé, tí ìtọ́kasí tò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tó bá kù, ọ̀ṣọ́ ni, èyí tí a fi ń tan ọ̀lẹ tí kò lè ka ìwé gígùn.

Èrò yìí ti gbilẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá ìtàn mu. Ọdún 1665 ni Henry Oldenburg, akọ̀wé Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ jọ́nà Philosophical Transactions, tó ṣì ń jáde títí dòní. Lọ́dún yẹn kan náà ni Robert Hooke, ọmọ ẹgbẹ́ náà, gbé Micrographia jáde, ìwé nípa àwọn nǹkan bíńtín tó fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá (microscope) rí. Àwọn àwòrán kan nínú rẹ̀ tóbi débi pé ṣe ni wọ́n ká wọn mọ́ inú ìwé, òǹkàwé ló máa tú wọn fúnra rẹ̀. Àwòrán yẹn ni iṣẹ́ gan-an. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló ń ṣe àlàyé.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti àbùùbùtán. Lọ́dún 1971, Roger Payne àti Scott McVay kọ ọ́ sínú jọ́nà Science pé ohùn tí irú àbùùbùtán kan, humpback, ń mú jáde lábẹ́ òkun kì í ṣe ariwo lásán, orin ni. Ó ní ìpín, àwọn ìpín náà ń tẹ̀ léra bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra tẹ́lẹ̀, bó bá sì parí, ẹranko náà á tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Báwo la ṣe fẹ́ fi ọ̀rọ̀ nìkan ro irú ẹjọ́ yìí? Wọ́n tẹ àwòrán ohùn náà sínú àpilẹ̀kọ wọn, kí ojú lè rí ibi tó ti ń padà wá. Ohùn náà fúnra rẹ̀ ti jáde nínú rẹ́kọ́ọ̀dù lọ́dún 1970, nígbà tó sì di 1979, National Geographic fi àwo pẹlẹbẹ kan há inú ìwé ìròyìn wọn, ẹ̀dà tó lé ní mílíọ̀nù 10. Ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹni tó kàn ka "orin ni" ò lè ṣe ju kó gba òǹkọ̀wé gbọ́ lọ. Ẹni tó gbọ́ ọ lè bá a jiyàn pé rárá, ibí yìí kò bá ti àkọ́kọ́ mu. Ohun tí òǹkàwé lè bá ọ jiyàn lé lórí báyẹn, ẹ̀rí ni, kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi ọ̀rọ̀ nìkan kọ́ ẹni tí kò rí i rí bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Irú ìdààmú yìí ló bí JoVE lọ́dún 2006, jọ́nà tó ń fi fídíò ṣàfihàn bí wọ́n ṣe ṣe ìṣàyẹ̀wò, tí àwọn akẹgbẹ́ olùwádìí sì ń yẹ iṣẹ́ náà wò kó tó jáde.

Wọ́n á ní fídíò ṣeé gé, ó ṣeé lẹ̀, irọ́ rọrùn nínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ bébà náà kò mọ́. Elisabeth Bik àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àpilẹ̀kọ 20,621 nípa ìmọ̀ ìṣègùn àti ohun abẹ̀mí wò. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2016 ni pé nǹkan bí 4 nínú 100 ló ní àwòrán tó mú ìfura dání. Kí a sọ ohun tí a ṣe ló ń yọni. Àwòrán ihò dúdú (black hole) inú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ M87 tó jáde ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 2019 dà bí òrùka iná, bẹ́ẹ̀ ìgbì rédíò ni àwọn awò wọn gbà, ìgbì rédíò kò sì ní àwọ̀ tí ojú lè rí. Àwọn olùwádìí ló yan àwọ̀ ọsàn. Wọn kò fi bò, wọ́n sì gbé dátà rẹ̀ síta kí ẹlòmíràn lè tún un ṣe.

Bó bá jẹ́ èmi ló fẹ́ bá fídíò wí, ibòmíràn ni màá gbà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 2020, ilé-iṣẹ́ Adobe pa Flash tì, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán tó ń rìn sórí ìkànnì, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi í kọ́ sì ṣókùnkùn. Ìwé Hooke ńkọ́? Ẹni tó bá dé ilé ìkàwé tó ní in á ṣí i, á kà á.

Torí náà, gbígbé e sórí YouTube nìkan kọ́ ni títẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ lè pa á rẹ́ lálẹ́ yìí. Zenodo, ibi ìpamọ́ iṣẹ́ ìwádìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí CERN, ilé ìwádìí físíìsì ní Yúróòpù, gbé kalẹ̀ lọ́dún 2013, ń gba fídíò, ohùn àti dátà, á sì fún un ní DOI, àmì ìdánimọ̀ tí kì í yí padà bí àdírẹ́sì rẹ̀ tilẹ̀ yí, kí ẹlòmíràn lè tọ́ka sí i bó ṣe ń tọ́ka sí àpilẹ̀kọ. Kí a tún kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú fídíò náà sílẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́rọ̀ á rí i kà, bí fídíò náà bá sì kọ̀ tí kò ṣí mọ́ lọ́jọ́ kan, ohun tí wọ́n sọ nínú rẹ̀ ṣì wà. Orin àbùùbùtán nìkan ni ò ṣeé kọ sílẹ̀ báyẹn.