Bologna ló ti bẹ̀rẹ̀: bí òbí àti ọmọ ṣe kọ́kọ́ pín ìnáwó yunifásítì

Tí àwọn òǹkọ̀wé bá ń sọ ìtàn ẹni tó ń sanwó yunifásítì, Párísì àti Oxford ni wọ́n máa ń sáré dárúkọ. Wọ́n á ní ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ ń gbọ́ bùkátà akẹ́kọ̀ọ́, ìjọba wá gbà á lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí apá ìjọba kò sì ká a mọ́ ni wọ́n dà á lé òbí àti ọmọ lórí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òbí tó ń fowó ránṣẹ́ àti ọmọ tó ń ná an níbi tí ojú òbí kò tó ni wọ́n ṣáájú gbogbo wọn. Ní Yúróòpù, ṣọ́ọ̀ṣì, ọba, báńkì àti ìjọba, ẹ̀yìn ni wọ́n dé. Ìlú Bologna ní àríwá Ìtálì sì ni àdéhùn òbí àti ọmọ yìí ti kọ́kọ́ di ohun tó lófin tó sì létò.

Gbòǹgbò rẹ̀ jìn ju Bologna lọ o. Ní ọdún 45 kí wọ́n tó bí Jésù, Cicero, agbẹjọ́rò àti olóṣèlú Róòmù tí òkìkí rẹ̀ kàn, rán Marcus ọmọ rẹ̀ lọ kàwé ní Aténì. Kò tíì sí yunifásítì láyé ìgbà yẹn, àmọ́ ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ọlọ́lá ti ń gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu àwọn onímọ̀. Cicero kò kàn ju owó sí ọmọ lọ́wọ́ kó ní ó dàbọ̀. Ó ya owó tó ń wọlé lórí àwọn ilé tí wọ́n fi háyà ní Argiletum àti lórí òkè Aventine sọ́tọ̀ fún ìnáwó rẹ̀, ó sì bẹ Atticus ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó bá òun ṣètò bí yóò ṣe máa tẹ ọmọ náà lọ́wọ́ ní Aténì.

Marcus jayé. Bàbá gbọ́ pé ó ń mutí, ó sì pàṣẹ pé kó jáwọ́ lára Gorgias, olùkọ́ kan tí wọ́n ló ń bà á jẹ́. Lẹ́tà tí Marcus kọ lẹ́yìn náà ṣì wà títí dòní, àmọ́ kì í ṣe bàbá ló kọ ọ́ sí, Tiro akọ̀wé bàbá ni. Ó ní òun ti ronú pìwà dà, òun kì í fi Cratippus olùkọ́ òun sílẹ̀ tọ̀sán tòru, òun sì ti lé Gorgias lọ bí bàbá ṣe wí. Ìgbà tó bẹ̀bẹ̀ tán ló wá ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fi akọ̀wé kan ránṣẹ́ sí òun, ì bá dára tó bá jẹ́ Gíríìkì, torí pé dída ìwé kọ ń jẹ òun lákòókò. Lójú tèmi, gbogbo ohun tí òbí àti ọmọ ń bá ara wọn fà lórí owó ilé-ìwé ló ti pé sínú lẹ́tà yẹn: ẹ̀rí pé ọmọ ń kàwé, ẹ̀tọ́ tí ẹni tó ń sanwó ní láti pàṣẹ, àti ẹ̀bẹ̀ fún nǹkan mìíràn lẹ́yìn èyí tí wọ́n ti fún un.

Olówó ni Cicero. Patricius, bàbá Augustine tó wá di bíṣọ́ọ̀bù olókìkí, kì í ṣe olówó. Thagaste, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlgéríà lónìí, ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí Augustine pé ọmọ ọdún 16, ó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó sì jókòó sílé fún ọdún kan gbáko, kí bàbá rẹ̀ lè kó owó tí yóò gbé e dé Carthage jọ. Augustine fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn ará ìlú ń yin bàbá òun pé ó ń ná ju agbára rẹ̀ lọ lórí ọmọ, bẹ́ẹ̀ àwọn tó lówó jù ú lọ dáadáa kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tiwọn. Mo máa ń ronú nípa ọdún yẹn gan-an. Ó dá mi lójú pé kò sí ọjọ́ kan tí wọn kò ṣírò owó nínú ilé yẹn, kí bàbá máa ka iye tó ti wọlé, kí Monica ìyá rẹ̀ sì máa wo ọmọ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí Patricius fi kú. Owó ìyá ni Augustine ń ná lẹ́yìn náà, Romanianus, olówó kan ní ìlú wọn, sì dìde sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí Augustine alára wá di olùkọ́ ní Róòmù, ó rí apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Tí ọjọ́ ìsanwó bá ti sún mọ́lé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á gbìmọ̀ pọ̀, gbogbo wọn á sì ṣí lọ bá olùkọ́ mìíràn. Níbo ni owó tí ilé fi rán wọn wá wọlé sí? Èrò mi ni pé ibi eré àti ibi àríyá ló wọlé sí. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni òfin tí olú ọba Valentinian ṣe ní ọdún 370, pé kí ẹni tó bá fẹ́ wá kàwé ní Róòmù mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ gómìnà rẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú máa ṣọ́ ọ kó má baà máa lọ síbi eré àti àsè jù, kí wọ́n na ẹni tó bá ṣe ìṣekúṣe kí wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi dá a padà sílé, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lò ju ọmọ ogún ọdún lọ níbẹ̀. Kí ni ìjọba ń wá nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, bí kì í bá ṣe pé ariwo àwọn òbí ti dé etí ọba?

Àwọn kan á tọ́ka sí Ṣáínà, níbi tí olú ọba Wu ti gba 50 akẹ́kọ̀ọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà rẹ̀ ní ọdún 124 kí wọ́n tó bí Jésù. Àwọn mìíràn á tọ́ka sí Nizamiyya, ilé ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí tó ṣí ní Baghdad ní 1067, tí dúkìá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nítorí Ọlọ́run ń bọ́ àwọn tó ń kàwé níbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, pàápàá fún Ni Kuan ará Ṣáínà tó ń se oúnjẹ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ torí pé kò lówó, tó sì ń gba iṣẹ́ oko ṣe tìwétìwé. Ṣùgbọ́n ọba tàbí ẹlẹ́yinjú àánú ló ń sanwó níbẹ̀. Òbí àti ọmọ kò jókòó pín nǹkan kan.

Ó kan Bologna wàyí. Ọdún 1088 ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí yunifásítì rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan tí akéwì Giosuè Carducci ṣáájú ló yan ọdún náà kí wọ́n lè ṣe àjọ̀dún 800 ọdún ní 1888, àmọ́ ìyẹn kò dín iyì ìlú náà kù, nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 12 ni Irnerius ti ń kọ́ òfin Róòmù níbẹ̀, tí àwọn ènìyàn sì ń ti òdìkejì àwọn òkè Alps wá gbọ́ ọ. Ẹ fojú inú wò ó. Fàdákà ni owó, ó wúwo, olè sì wà lójú ọ̀nà. Bàbá tó wà ní Jámánì kò lè máa fowó ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo lérò pé owó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọmọ máa ń gbé dání lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí oníṣòwò tó ń lọ sí apá ibẹ̀ bá wọn mú un lọ. Tí owó náà bá tán kí òmíràn tó dé, àfi kó jẹ gbèsè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sì lè san, ọmọ ìlú rẹ̀ tó bá wà nítòsí ni àwọn tó yá a lówó máa ń dì mú.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú àṣẹ tí olú ọba Frederick Barbarossa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan bí 1155. Àṣẹ náà ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú akẹ́kọ̀ọ́ nítorí gbèsè tí ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ jẹ. Ó tún sọ nípa wọn pé ìfẹ́ ìmọ̀ ló sọ wọ́n di àjèjì, pé wọ́n fi ọrọ̀ sílẹ̀ wọ́n sì sọ ara wọn di tálákà. Ọrọ̀ wo ni wọ́n fi sílẹ̀, tí kì í bá ṣe ti ilé bàbá wọn? Lọ́dún yẹn, kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Párísì, kò sí àpótí owó ní Oxford, àmọ́ gbèsè akẹ́kọ̀ọ́ ti tó ohun tí olú ọba ń ṣòfin lé lórí.

Ní Bologna, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gba olùkọ́ síṣẹ́. Àwọn fúnra wọn ń dá owó jọ, wọ́n sì ń san án fún un. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ilẹ̀ sílẹ̀, wọ́n yan ọ̀gá láàárín ara wọn, wọ́n sì ṣòfin débi pé olùkọ́ tó bá pẹ́ dé kíláàsì yóò san owó ìtanràn, tó bá sì fẹ́ jáde nílùú, yóò fi owó sílẹ̀ kó lè dá wọn lójú pé ó ń padà bọ̀. Òbí ló ni owó, ọmọ ló ń dúnàádúrà. Ìpín tí mo ń sọ nìyẹn. Olùkọ́ náà sì máa ń jẹ nínú ìyà rẹ̀. Odofredus, àgbà olùkọ́ òfin tó kú ní 1265, sọ fún kíláàsì rẹ̀ lópin ọdún kan pé òun kò ní ṣe àfikún ẹ̀kọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, torí pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í sanwó dáadáa. Ó ní gbogbo wọn ló fẹ́ mọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ san.

Ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń tọrọ owó nílé. Boncompagno, olùkọ́ lẹ́tà kíkọ tó ka iṣẹ́ rẹ̀ sétí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Bologna ní 1215, wà lára àwọn tó ń ṣe àpẹẹrẹ lẹ́tà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè dà kọ sí bàbá, sí ìyá tàbí sí ẹ̀gbọ́n. Charles Homer Haskins, òpìtàn ará Amẹ́ríkà, ṣa irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ jọ káàkiri Yúróòpù. Ọ̀kan nínú wọn, láti Oxford, sọ pé òun ń fi gbogbo ara kàwé, àmọ́ ó ti pé oṣù méjì tí èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ kẹ́yìn ti tán, nǹkan sì gbówó lórí nílùú, òun ní láti gba ilé, òun ní láti ra ohun èlò. Bàbá kan fèsì fún ọmọ rẹ̀ ní Orléans pé òun ti gbọ́ pé gìtá ló ń ta nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kàwé, ìdí nìyẹn tí kò fi kà ju ìwé òfin kan ṣoṣo lọ, nígbà tí àwọn yẹn ti ka púpọ̀. Bàbá mìíràn, ará Ìtálì, ní orin tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń kọ ni orin owó, kò sì sí lẹ́tà rẹ̀ tí kò ní béèrè rẹ̀.

Kí ni Párísì wá ní láti fi takò wá? Ìpàdé ńlá ṣọ́ọ̀ṣì ní 1179 pàṣẹ pé kí wọ́n máa kọ́ àwọn tálákà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1180, Jocius ará Lọ́ńdọ̀nù sanwó yàrá fún akẹ́kọ̀ọ́ 18 ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n sì ń gbà á ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti gbé àgbélébùú àti omi mímọ́ ṣáájú òkú àwọn tó bá kú níbẹ̀. Robert de Sorbon tẹ̀ lé e ní 1257, ó dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tálákà. Ẹ̀bùn àánú fún ìwọ̀nba ènìyàn ni gbogbo rẹ̀. Àwọn yòókù, owó ilé ni wọ́n ń ná. Ní Párísì náà, iye tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ná lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò owó tí yóò san fún ẹgbẹ́ ọmọ ilẹ̀ rẹ̀: ẹni tí ilé ń rọ̀ fún á san púpọ̀.

Oxford ní tiẹ̀ ní àpótí. Ìlú náà so àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ́ ní 1209, wọ́n sì bu owó ìtanràn ṣílè 52 lọ́dún lé ìlú lórí ní 1214. Ní 1240, Bíṣọ́ọ̀bù Robert Grosseteste fi owó náà sínú àpótí kan kí àwọn tí kò ní lè máa yá a láìsí èlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ yá a gbọ́dọ̀ fi nǹkan dógò, ìwé tàbí ife. Ta ló ra ìwé yẹn fún un? Ilé rẹ̀ ni. Àpótí tí wọ́n ń fi yangàn yìí gan-an, lórí ohun tí òbí ti kọ́kọ́ san ló dúró.

Ìpín ti ọmọ wá ń wúwo sí i. Ní 1661, Isaac Newton wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Trinity ní Cambridge gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìránṣẹ́ fún àwọn mìíràn kó lè san owó tó kéré, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ kì í ṣe aláìní. Síbẹ̀ ó ń tọ́jú owó, ó ń yá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Samuel Johnson, tó wá di òǹkọ̀wé olókìkí, kò ríbi yọ bẹ́ẹ̀. Ó dé Oxford ní 1728, bàtà rẹ̀ ja débi pé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ síta. Ẹnì kan gbé bàtà tuntun sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó gbé e jù nù. Kò tó ọdún méjì tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ láìgboyè, nítorí pé owó ilé ti tán. Ní Harvard, àlìkámà àti màlúù ni òbí mìíràn fi ń san ti ọmọ wọn ní ọ̀rúndún 17.

Ìyókù kò pẹ́ rárá. Amẹ́ríkà sanwó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ogun tó ti ojú ogun bọ̀ láti 1944. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin 1962 gba ìnáwó náà ṣe, àmọ́ owó tó ń wọlé fún òbí ni wọ́n fi ń mọ iye tí ọmọ yóò gbà fún oúnjẹ àti ilé; wọ́n dá owó yíyá sílẹ̀ ní 1990, owó ẹ̀kọ́ pọ́n-ùn 1,000 dé ní 1998, ó sì lè tó 9,000 ní 2012. Ọsirélíà ní kí ọmọ san tiẹ̀ láti inú owó oṣù rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, láti 1989. Ní Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ ṣì ń béèrè owó òbí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì pé ọmọ ọdún 24.

Jámánì ló sún mọ́ Bologna jù lójú mi. Òfin ìlú wọn ní òbí gbọ́dọ̀ sanwó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tó bá ọmọ mu. Ìrànwọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971 ń wo ohun tí òbí ní kó tó fún ọmọ ní nǹkan, tí òbí bá sì kọ̀ tí kò san ìpín rẹ̀, ìjọba lè bá ọmọ san án ṣáájú, kó sì lọ gbà á padà lọ́wọ́ òbí. Láti 1990 ni wọ́n ti ń pín ìrànwọ́ náà sí méjì: ìdajì ẹ̀bùn, ìdajì yòókù gbèsè tí kò ní èlé, ọmọ ni yóò sì san ìyẹn.