Kò Sí Òṣì Nínú Òṣìṣẹ́

Níbi ìpàdé àdúrà kan tí mo wà ní ìparí ọdún tó kọjá, ẹni tó ń darí wa ní kí gbogbo ẹni tó ń gba owó oṣù gbé ọwọ́ lé orí, kí ó sì wí pé òun kì í ṣe òṣìṣẹ́ mọ́, nítorí pé òṣì àti ìṣẹ́ ni wọ́n so pọ̀ tó fi di òṣìṣẹ́. Bàbá kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ẹni tó fi ọdún 35 gbálẹ̀ ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó rọra gbé ọwọ́ lé orí, ó sì wolẹ̀. Mi ò lè gbàgbé bó ṣe wolẹ̀ yẹn.

Ìgbàgbọ́ yìí ti ràn débi pé àwọn mìíràn kò fẹ́ kí a pè wọ́n ní òṣìṣẹ́ báńkì mọ́. "Sítáàfù" ni wọ́n ń pe ara wọn. Etí kò sì tan wọ́n jẹ pátápátá, nítorí ìró òṣì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ohùn ìsàlẹ̀ méjì tó tẹ̀ léra. Ibi tí ìró náà ti wá ni wọn kò wò. Láti ara "ṣe" àti "iṣẹ́" la ti rí "ṣiṣẹ́", "ò-" la sì fi ṣíwájú rẹ̀ láti pe ẹni tó ń ṣe é. Nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, bí "ò-" bá ti wọlé, a máa fa ohùn "ṣe" wá sílẹ̀. Ẹ gbọ́ "ṣeré": kò sí ohùn ìsàlẹ̀ kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ òṣèré là ń pe ẹni tó ń ṣeré, a kì í pè é ní òṣeré. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni "ṣiṣẹ́" ṣe di òṣìṣẹ́. Òṣìkà náà fi ìró òṣì bẹ̀rẹ̀, n kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òtòṣì ni gbogbo òṣìkà.

Ohùn ìsàlẹ̀ ni ìṣẹ́ tó jẹ́ àìní fi bẹ̀rẹ̀, ohùn àárín ni iṣẹ́ tí à ń ṣe fi bẹ̀rẹ̀, ìyàtọ̀ yìí sì ni òwe "iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́" dúró lé. Bí Yorùbá bá fẹ́ pe ẹni tí ìṣẹ́ ń bá fínra, ó ní akúùṣẹ́, ó ní òtòṣì, ó ní aláìní. Kò yá òṣìṣẹ́ lò fún un. Mo gbà pé kíkọ Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i lórí fóònù ti dá kún àṣìṣe náà. Ẹni tó bá sì ń sá fún ọ̀rọ̀ tí "iṣẹ́" wà nínú rẹ̀, ibo ni yóò sá dé? Iṣẹ́ wà nínú agbanisíṣẹ́, ó wà nínú alábàáṣiṣẹ́, nínú ìránṣẹ́ àti òjíṣẹ́.

Mo mọ ibi tó ti ń dun àwọn ènìyàn. ₦70,000 tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí lọ́dún 2024 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù lọ kì í pẹ́ tán lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ́ ìdílé. Lọ́dún 1945, nígbà tí ọjà wọ́n gógó nítorí ogun, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti rélùwéè, tí Michael Imoudu wà lára àwọn aṣáájú wọn, daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní oṣù kan. Àfikún owó ni wọ́n béèrè, wọn kò béèrè orúkọ mìíràn.

Lẹ́yìn ìpàdé, mo sin bàbá náà dé ibi tó ti wọ ọkọ̀, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òṣèré fún un. Ó ní kí n tún un pè. Mo tún un pè, òun náà sì pè é tẹ̀ lé mi: òṣèré, òṣìṣẹ́.