Bí ẹ ṣe lè gba ìwé iṣẹ́ àdúgbò yín lọ́wọ́ káńsù

Àwọn tí a dìbò yàn gba ìjọba lọ́wọ́ ṣọ́jà ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1999, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ yàrá fáìlì kò kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ti ń dì í mú. Ìbẹ̀rù ọjọ́ pípẹ́ ni. Lọ́dún 1984, Decree 4 ti ìjọba ológun rán akọ̀ròyìn méjì ti The Guardian, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, lọ sẹ́wọ̀n nítorí ìròyìn tí wọ́n gbé jáde. Wọ́n ti fagi lé òfin yẹn tipẹ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ṣì gbà pé ọ̀gá òun ló ni ìwé tó wà nínú dúrọ́ọ̀ òun. Ará ìlú ló ni ín. Òfin FOI (Freedom of Information), òfin tó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2011, ló sọ bẹ́ẹ̀, a sì fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ àdúgbò ní Àkúrẹ́, ní Òǹdó àti ní ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjìdínlógún ìpínlẹ̀ Òǹdó mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ọdún púpọ̀ ni àwọn ìpínlẹ̀ fi ń jiyàn pé òfin Àbújá lásán ni. Ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ń jókòó ní Àkúrẹ́ dájọ́ pé ó de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, nínú ẹjọ́ tó dá lé ìwé ìṣirò owó ìpínlẹ̀ Òǹdó gan-an. Ti Benin sọ ohun tó yàtọ̀. Oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wá parí iyàn náà: ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀, kò sí èyí tí òfin náà kò dè. Ẹni tó bá ní kò kan òun ní Alágbàkà, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, tàbí ní káńsù, ẹ rán an létí ìdájọ́ yìí.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù ni ìbéèrè fúnra rẹ̀. “Kí lẹ fi owó wa ṣe?” kì í ṣe ohun tí òfin yìí lè dáhùn. Ìwé tó wà nílẹ̀ ló ń fúnni, kì í ṣe àlàyé. Ká ní gọ́tà kan tó yẹ kó gbé omi lọ sínú Odò Àlà ni wọ́n pa tì ní àdúgbò yín. Ìwé mẹ́rin ni kẹ́ ẹ dárúkọ: ìwé tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe, ìwé tó to ohun èlò àti iye owó wọn lẹ́sẹẹsẹ, àwọn fáọ́ṣà owó tí wọ́n ti san, àti ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ ti parí. Ìkejì yẹn ló lérè jù, nítorí pé òun ló máa sọ bí gọ́tà ṣe gùn tó ní mítà, bí kọnkéré ṣe nípọn tó, àti irú irin tó yẹ kó wà nínú rẹ̀. Ẹ mú téèpù dání lọ síbẹ̀. Bí ìwé bá ní mítà 300 tí téèpù yín ka 180, ọ̀rọ̀ kúrò ní àhesọ nìyẹn.

Lẹ́tà náà kò gbọdọ̀ ju ojú ewé kan lọ. Orúkọ ipò ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, ẹ má kọ ọ́ sí orúkọ ènìyàn, torí pé alága lè yí padà kí ìdáhùn tó dé. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ lè rí báyìí: “Lábẹ́ Abala 1 Òfin FOI ọdún 2011, a ń béèrè ẹ̀dà ìwé wọ̀nyí lórí gọ́tà tó bẹ̀rẹ̀ láti orí afárá títí dé ẹnu ọ̀nà ọjà, tí káńsù gbé jáde ní ọdún 2024.” Ẹ to àwọn ìwé náà tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ fi àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù sí i. Ẹ má kọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Òfin kò ní kẹ́ ẹ sọ ọ́, ẹni tó bá sì bi yín pé “ta ló rán yín?” ti ń kọjá àyè rẹ̀.

Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì. Wọ́n á gba ọ̀kan, wọ́n á sì lu òǹtẹ̀ pẹ̀lú déètì sí èkejì fún yín. Láìsí òǹtẹ̀ yìí, kò sí ohun tẹ́ ẹ máa fi ka ọjọ́. Bí wọ́n bá kọ̀ láti lù ú, ẹ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́, kẹ́ ẹ pa rìsíìtì mọ́. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé kọ lè fẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ tó bá gbọ́ ọ sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kó fún un ní ẹ̀dà.

Ọjọ́ méje ni wọ́n ní, Sátidé àti Sọ́ńdè wà nínú rẹ̀. Bí ìwé náà bá pọ̀ púpọ̀, wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún yín. Owó ṣíṣe ẹ̀dà nìkan ni wọ́n lè gbà. Bí wọn ò bá fẹ́ fún yín, kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé, kí wọ́n sì dárúkọ abala òfin tí wọ́n dúró lé. Àwọn ohun kan wà tí wọ́n lè fi pamọ́ lóòótọ́: ọ̀rọ̀ àdáni òṣìṣẹ́, tàbí iye tí àwọn agbaṣẹ́ṣe dá lé iṣẹ́ tí wọn ò tíì gbé fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ dúró kí wọ́n gbé iṣẹ́ jáde tán kẹ́ ẹ tó béèrè.

Akọ̀wé tó jókòó sídìí tábìlì kì í sábà jẹ́ ọ̀tá yín. Wọ́n ti mú un búra àṣírí, ẹ̀rù iṣẹ́ rẹ̀ sì ń bà á. Ẹ dárúkọ Abala 27 nínú lẹ́tà yín: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fìyà jẹ òṣìṣẹ́ tó fi òtítọ́ inú tú ìwé sílẹ̀ lábẹ́ òfin yìí. Ìlà kan yìí lè ràn án lọ́wọ́ ju ariwo lọ. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ tàbí tó yí i padà kó tó tẹ àwọn tó béèrè lọ́wọ́ sì lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún kan.

Bí wọn ò bá fèsì rárá, kíkọ̀ náà ni. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ẹgbẹ́ máa kọ lẹ́tà ìránnilétí, ìkíní, ìkejì, ìkẹta, títí ọgbọ̀n ọjọ́ tí òfin fi sílẹ̀ láti lọ sí ilé ẹjọ́ fi kọjá. Adájọ́ lè sún ọjọ́ náà síwájú, àmọ́ ẹ má gbójú lé e. Ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kẹjọ. Ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ló ń gbọ́ ọ, owó ìtanràn fún ẹni tó bá fi ìwé pamọ́ láìtọ́ sì jẹ́ ₦500,000. Ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ yẹn lẹ máa gbé síwájú adájọ́. Káńsù ló wà lọ́rùn rẹ̀ láti fi ẹ̀rí hàn pé òfin gbà á láàyè láti fi ìwé náà pamọ́.