Ọjọ́ Márùn-ún Kì Í Ṣe Ìdajì Ìtọ́jú

Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú onítànṣán fún jẹjẹrẹ bá délẹ̀, ẹnì kan á sọ ọ́ dandan: pé ẹni tí wọ́n fún ní ọjọ́ márùn-ún kò rí ìtọ́jú gidi gbà. Wọ́n á ní ẹnì kan tí àwọn mọ̀ gba tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, kí ló dé tí tẹni yìí fi kéré báyẹn? Ṣé àwọn dókítà ti sọ ìrètí nù lórí rẹ̀ ni, àbí wọ́n kàn fẹ́ kí orí ẹ̀rọ tètè ṣófo? Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ojú abẹ rẹ̀ kò tíì jinná tán, tí àyà rẹ̀ ti ń já tẹ́lẹ̀, tí yóò wá gbéra lọ bá dókítà pé kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun fi ọjọ́ kún un.

Pé ìtọ́jú ọlọ́jọ́ díẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún jẹjẹrẹ ọmú, kò yẹ ká ṣì máa jiyàn lé e lórí. Ní Kánádà, wọ́n fi kèké pín obìnrin 1,234 tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún sí ọ̀nà méjì, ọjọ́ 25 tàbí ọjọ́ 16, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Àbájáde ọdún mẹ́wàá jáde ní 2010: jẹjẹrẹ padà sínú ọmú náà lára ìdá 6.7 nínú 100 àwọn ọlọ́jọ́ 25, àti ìdá 6.2 nínú 100 àwọn ọlọ́jọ́ 16. Ní Britain, ìwádìí FAST-Forward kó ènìyàn tó lé ní 4,000 jọ, ó sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wé ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìdá 2.1 nínú 100 ni jẹjẹrẹ padà sí lára nínú àwọn ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta, ìdá 1.4 ni nínú àwọn tó gba Gray 26 (Gray ni òṣùwọ̀n ìtànṣán) ní ọjọ́ márùn-ún. Mi ò ní pẹ́ níbí, torí àìsí ẹ̀rí kọ́ ni kò jẹ́ káwọn ènìyàn gbà.

Òǹkà inú ìwé ìtọ́jú ló ń dẹ́rù bà wọ́n. Aláìsàn gbọ́ pé ẹnì kan gba Gray 50 ní ọjọ́ 25, òun sì gba Gray 26 ní ọjọ́ márùn-ún. Ó ṣírò ó lórí, ó rí i pé díẹ̀ ló fi lé ní ìdajì, ó ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Gbogbo àlàyé tí wọ́n bá ṣe fún un lẹ́yìn náà kò wọlé mọ́, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un ohun tí Gray ń wọ̀n àti ohun tí kò wọ̀n.

Gray kan ni agbára joule kan tí ìtànṣán fi sílẹ̀ nínú kílógíráàmù ara kan. Ohun tó wọlé ló ń wọ̀n. Kò sọ ohun tó ṣe nígbà tó wọlé. Kì í sì í ṣe bí owó, tí ẹni tó san án lẹ́ẹ̀kan àti ẹni tó san án díẹ̀díẹ̀ jọ san iye kan náà.

Inú sẹ́ẹ̀lì ni ìdí rẹ̀ wà. Ìtànṣán máa ń já okùn DNA, ìyẹn ohun tó ń darí iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì sì máa ń tún un so. Bí ìtànṣán ọjọ́ kan bá kéré, ibi tó já kò ní pọ̀, àtúnṣe á sì ti lọ jìnnà láàárín wákàtí díẹ̀, kí ti ọjọ́ kejì tó dé. Bí ó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tó já á sún mọ́ra, á ṣù pọ̀, àtúnṣe ò ní lè bá a mọ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ ìwọ̀n ojúmọ́ di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tó ń ṣe á ju ìlọ́po méjì lọ. Gray 10 tí wọ́n pín sí ọjọ́ márùn-ún àti Gray 10 tí wọ́n fúnni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òǹkà kan náà ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan lójúkojú. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní òǹkà tí àwọn onímọ̀ fi ń díwọ̀n bí ìwọ̀n ojúmọ́ ńlá ṣe ń pa á lára tó. Bí òǹkà náà bá ṣe kéré tó ni ìwọ̀n ńlá ṣe ń dùn ún tó. Èyí tí wọ́n sábà máa ń lò fún jẹjẹrẹ prósíteètì (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀) jẹ́ nǹkan bíi 1.5. Ìdíyelé ni, wọ́n ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká lò ó. Ìtọ́jú ọlọ́jọ́ 20 jẹ́ Gray 3 lójúmọ́, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60. Ẹ fi 1.5 kún 3, ó di 4.5. Ẹ fi 1.5 kún 2, tó jẹ́ ìwọ̀n ojúmọ́ ti àtijọ́, ó di 3.5. Ẹ fi 3.5 pín 4.5, kí ẹ sì sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀ lọ́nà 60. Yóò fún yín ní 77 àti díẹ̀. Iṣẹ́ Gray 77 ni 60 yẹn ń ṣe lára jẹjẹrẹ náà, ìtọ́jú àtijọ́ tí wọ́n fi í wé sì jẹ́ Gray 74 ní ọjọ́ 37. Òǹkà tó kéré lórí ìwé ló tóbi jù nínú ara.

Àbájáde ìwádìí CHHiP, tó kó ọkùnrin tó lé ní 3,200 jọ, jáde ní 2016, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìṣirò yìí mu. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìdá 88.3 nínú 100 àwọn ọlọ́jọ́ 37 ni àmì pé jẹjẹrẹ padà kò tíì yọ lára wọn. Ti àwọn ọlọ́jọ́ 20 jẹ́ 90.6. Ọ̀wọ́ kẹta wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í mẹ́nu bà: Gray 57 ní ọjọ́ 19, Gray 3 kan náà lójúmọ́. Tiwọn jẹ́ 85.9, àwọn olùwádìí ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò rẹlẹ̀ sí ti àtijọ́. Ọjọ́ kan péré ló wà láàárín 19 àti 20. Àwọn tó ṣètò èyí kò kàn ń gé ọjọ́ bó ṣe wù wọ́n.

Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi díẹ̀ kún tòun, kó tún wo FAST-Forward dáadáa. Ọ̀wọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún méjì ló wà nínú rẹ̀, Gray 26 àti Gray 27. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìpalára tó hàn dáadáa lójú dókítà lára ọmú tàbí àyà, bíi kí ọmú súnkì tàbí kó le, jẹ́ ìdá 9.9 nínú 100 lára àwọn ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta, 11.9 lára àwọn tó gba 26, àti 15.4 lára àwọn tó gba 27. Gray kan ṣoṣo! Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé 26 ni wọ́n mú.

Ibo wá ni ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí méje yẹn ti wá? Ní Paris, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Claude Regaud àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìtànṣán sí kóró ẹpọ̀n àgbò. Èyí tó pọ̀ tó lẹ́ẹ̀kan láti dá àtọ̀ dúró máa ń jó awọ ara gan-an. Nígbà tí wọ́n pín in sí ọjọ́ púpọ̀, àtọ̀ dúró, awọ ara sì yè é. Henri Coutard mú ọ̀nà náà lọ bá jẹjẹrẹ gògóńgò. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí ara tó dá ṣáṣá ṣe máa yè é. Láti ìgbà náà wá, ẹ̀rọ ti yí padà. Ó ti ń ya àwòrán inú ara kí ó tó tan ìtànṣán lójoojúmọ́, ó sì ń tẹ ìtànṣán náà bá ìrísí kókó jẹjẹrẹ mu, tí ara tó dá ṣáṣá tí ń gba ìwọ̀n ńlá fi dín kù. Ìwádìí PARSPORT fi bí èyí ṣe tó hàn: iye ọjọ́ kan náà ni ọ̀wọ́ méjèèjì, ti ọ̀nà àtijọ́ àti ti ọ̀nà tuntun yìí, gbà fún jẹjẹrẹ orí àti ọrùn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún kan, ẹnu gbígbẹ tó le dín láti ìdá 74 nínú 100 sí 38 lára àwọn tí wọ́n fi ìtànṣán tó ń tẹ̀ tọ́jú. Ti ọmú àti prósíteètì tún ní ìdí tiwọn: ó jọ pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ wọn kò fẹ́ràn ìwọ̀n ojúmọ́ ńlá, bí ara tó dá ṣáṣá kò ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Pípín in wẹ́wẹ́ ń ṣàánú jẹjẹrẹ náà pẹ̀lú.

Mi ò wá sọ pé kíkúrú ló dára níbi gbogbo o. Àwọn tó ti ń pariwo ìyẹn náà ń kọ mí lóminú. Fún irú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré tó sì ń yára dàgbà, ìwádìí kan tó jáde ní 1999 fún gbogbo ènìyàn ní Gray 45. Àwọn kan gbà á lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àwọn kan gbà á lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìdá 16 nínú 100 ló kù láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún nínú ọ̀wọ́ àkọ́kọ́, 26 nínú èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ọ̀fun wọn jìyà jù. Níbẹ̀, pípín ìwọ̀n wẹ́wẹ́ pọ̀ mọ́ yíyára parí ló borí. Fún ìrora jẹjẹrẹ tó ti wọ eegun, Gray 8 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń pẹ̀rọ̀ sí ìrora bíi Gray 30 ní ọjọ́ mẹ́wàá, ṣùgbọ́n nínú ìwádìí ńlá kan ní Àríwá Amẹ́ríkà, ìdá 18 nínú 100 àwọn tó gba ẹ̀ẹ̀kan ló tún padà wá gbà á, ìdá 9 péré nínú àwọn ọlọ́jọ́ mẹ́wàá. Ìtànṣán FLASH tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri, tí kì í tó ìṣẹ́jú-àáyá kan, inú ìwádìí ló ṣì wà. Ẹni tó bá ń polówó rẹ̀ bí ìwòsàn, ẹ sá fún un.

Nítorí náà, ohun tí mo lè dúró lé kò gbòòrò. Fún ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ọmú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àti fún ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ prósíteètì tí kò tíì tàn káàkiri, ọjọ́ díẹ̀ kò rẹlẹ̀. Fún àwọn yòókù, ó di ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì lè yí padà bí ìwádìí bá tún jáde.

Ìkìlọ̀ mi le ju ìyẹn lọ. Ẹ má lọ gba àfikún ní ibòmíràn kí ẹ sì fi ti àkọ́kọ́ pamọ́. Ara kì í gbàgbé ìtànṣán tó ti gbà, ọ̀pá ẹ̀yìn àti ìfun lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹ tọ́jú ìwé tó kọ ìwọ̀n ojúmọ́, iye ọjọ́ àti ibi tí wọ́n tan án sí, kí ẹ mú un dání lọ bá dókítà tuntun. Ẹ má sì fo ọjọ́ nínú ìtọ́jú ọlọ́jọ́ púpọ̀ pé ẹ óò san án lẹ́yìn: fún jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, àfojúsùn ni pé kí gbogbo rẹ̀ parí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, torí sẹ́ẹ̀lì tó kù ń bí sí i nígbà tí ẹ bá jókòó sílé. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ tí ọjọ́ kan bọ́, ẹ bèèrè lọ́jọ́ náà gan-an bí wọ́n ṣe máa dí i. Bí wọ́n bá ní àwọn á fún yín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ kan, ẹ rí i pé ó kéré tán wákàtí mẹ́fà wà láàárín méjèèjì.