Kí Ẹ Tó Dá Dọ́là 25 fún Olùdíje

Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń lọ sí ìjọ kan náà ní Atlanta pè mí lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n ní kí n wá bá àwọn wo ìwé báńkì àwọn. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì ìjẹun, mo sì rí i: dọ́là 25 lọ́sẹ̀ kan, dọ́là 25 lọ́sẹ̀ kejì, títí ó fi pé ìgbà mẹ́rìnlá.

"Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fún wọn o."

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Àmọ́ lójú ìwé ìdáwó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà káàdì sí, àpótí kékeré kan wà tí ìgbìmọ̀ ìpolongo olùdíje tí wọ́n dáwó fún ti máàkì sílẹ̀, tó ní kí owó máa lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ìdìbò á fi parí.

Akápò ìpolongo ni mí. Èmi ni mò ń kọ orúkọ ẹni tó dáwó sílẹ̀, tí mò ń dá owó tí kò bófin mu padà, tí mo sì ń fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí FEC, àjọ tó ń mójú tó owó ìdìbò ìjọba àpapọ̀. Ohun tí mò ń rí nídìí iṣẹ́ yìí ń dùn mí. Ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ tó wà lórí fóònù ẹ̀gbọ́n: ọ̀kan ní ọ̀tá ti dé ẹnu ọ̀nà, òmíràn ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti kọ ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ni. Kò sí èyí tó sọ ohun tí olùdíje fẹ́ ṣe nípa owó ilé ìwòsàn. Àwa tá a wà nídìí ẹ̀ mọ̀ pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà tètè máa ń fowó sílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ń ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ kò ní pẹ́ gbà pé olè ni aládùúgbò òun tó wà nínú ẹgbẹ́ kejì.

Ẹgbẹ́ méjèèjì ló ń ṣe é. Ní 2020, inú tó ń bí àwọn Democrat sí Mitch McConnell, tó jẹ́ olórí àwọn Republican nílé aṣòfin àgbà nígbà yẹn, mú kí wọ́n dá owó tó ju mílíọ̀nù 90 dọ́là lọ fún Amy McGrath tó bá a díje ní Kentucky. Púpọ̀ nínú àwọn tó dá a kò lè dìbò níbẹ̀. McConnell fi nǹkan bí ìbò 20 nínú ọgọ́rùn-ún ju obìnrin náà lọ.

Lẹ́yìn ìdìbò ọdún yẹn kan náà, wọ́n ní káwọn Republican dáwó láti fi gbèjà ìbò Trump. Owó tó wọlé ju mílíọ̀nù 200 dọ́là lọ. Ẹjọ́ tí wọ́n pè ju 60 lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni wọ́n pàdánù. Ní Georgia wa níbí, wọ́n fọwọ́ ka ìwé ìbò tó tó mílíọ̀nù 5, Biden náà ló wọlé. Inú ọ̀rọ̀ wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé Save America, ìgbìmọ̀ tí Trump dá sílẹ̀, ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà máa kọ́kọ́ lọ. Iyèméjì tí wọ́n fi gbowó yẹn ṣì wà lọ́kàn àwọn èèyàn dòní.

Ibi tí àwa Yorùbá ti lè kó sí wàhálà wá ni mo fẹ́ dúró lé. Dídáwó jọ ti mọ́ wa lára. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú á gba dọ́là 100 lọ́wọ́ ọgbọ̀n èèyàn, alága á kọ ṣẹ́ẹ̀kì kan lórúkọ ara rẹ̀, a ó sì ya fọ́tò pẹ̀lú olùdíje. Nílé, iyì ni. Níbí, ẹ̀wọ̀n lè ti ibẹ̀ yọ, torí òfin kò gbà kí ẹnì kan dáwó lórúkọ ẹlòmíì. Kí oníkálukú fi káàdì tirẹ̀ san tirẹ̀. Fún ìdìbò 2026, dọ́là 3,500 ni ẹnì kan lè fún olùdíje kan sípò ìjọba àpapọ̀ mọ, ìdìbò abẹ́lé lọ́tọ̀, ti gbogbogbòò lọ́tọ̀. Tó bá ti ju dọ́là 200 lọ, orúkọ yín àti ibi iṣẹ́ yín á hàn fáyé rí. Ẹni tó ní green card kò lè dìbò fún ààrẹ, àmọ́ ó lè dáwó. Ẹni tó ń lo físà kò lè dáwó rárá, bẹ́ẹ̀ ni àbúrò yín tó wà ní Ìbàdàn, ì báà jẹ́ inú àkáǹtì yín ló gbà wọlé. Tó bá sì jẹ́ pé ẹgbẹ́ aláàánú tí kì í san owó orí lẹ forúkọ ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ sí, kò gbọ́dọ̀ ti olùdíje kankan lẹ́yìn.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé báwo wá ni Elon Musk ṣe ná owó tó ju mílíọ̀nù 250 dọ́là lọ ní 2024. Kò fún olùdíje lọ́wọ́ ni. Látìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ti dá ẹjọ́ owó ìdìbò tí wọ́n ń pè ní Citizens United ní 2010, èèyàn lè kó iye tó bá wù ú fún ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní super PAC, tí wọ́n ní ó dá dúró lọ́tọ̀ sí olùdíje. Ó ń bí mi nínú pé mò ń dá dọ́là 50 padà fún awakọ̀ takisí torí pé ó kọjá òṣùwọ̀n, tí irú èyí sì ń kọjá lọ. Ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́fà ló yẹ kó wà ní FEC, ẹgbẹ́ kan kò gbọ́dọ̀ ní ju mẹ́ta lọ, mẹ́rin sì gbọ́dọ̀ fẹnu kò kí wọ́n tó fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Tí mẹ́ta bá dojú kọ mẹ́ta, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń dúró sí.

Kí ẹ tó tẹ nǹkan kan, ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí wọ́n kọ "Paid for by" sí. Orúkọ tó tẹ̀ lé e ló ni owó yín, kì í ṣe ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lókè. Ẹ wá orúkọ náà lórí fec.gov, ẹ ó rí ohun tí wọ́n ń náwó lé. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé owó oṣù àti owó àtẹ̀jíṣẹ́ ló ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Orí fec.gov náà la ti rí orúkọ akápò tó gba owó ẹ̀gbọ́n. A kọ lẹ́tà sí i, a sì ní kí báńkì dá owó náà dúró. Mọ́kànlá ti padà wọlé nínú mẹ́rìnlá. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn fẹ́ fún obìnrin kan tó ń díje sí ìgbìmọ̀ iléèwé kaunti wọn nínú rẹ̀, torí ó kan ilẹ̀kùn wọn fúnra rẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì iléèwé tí kì í dé lásìkò.