Iṣẹ́ ìgbélárugẹ ìlera òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà

Iṣẹ́ ìgbélárugẹ ìlera òṣìṣẹ́ ni iṣẹ́ tí àwọn kan ń ṣe ní ilé-iṣẹ́, ní ọ́fíìsì ìjọba tàbí nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí ibi tí ènìyàn ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ má baà di ibi tí yóò ti kó àìsàn. Ó yàtọ̀ díẹ̀ sí iṣẹ́ ààbò, tí ó ń ṣọ́ ìjàmbá bíi ẹ̀rọ tó gé ènìyàn lọ́wọ́ tàbí àkàbà tó yẹ̀, ó sì yàtọ̀ sí iṣẹ́ dókítà ilé-iṣẹ́, tí ó ń tọ́jú ẹni tí àìsàn ti mú. Ohun tí ó kan án ni ẹ̀jẹ̀ ríru, másùnmáwo, ẹ̀yìn dídùn, àìsùn àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru, oúnjẹ tí òṣìṣẹ́ ń jẹ lọ́sàn-án, iye wákàtí tí ó fi ń jókòó, àti ọ̀nà tí ọ̀gá ń gbà bá a lò. Orúkọ tí à ń pe àwọn tó ń ṣe é kò dọ́gba. Òmíràn nínú wọn jẹ́ nọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́, òmíràn jẹ́ alábòójútó ààbò àti ìlera tàbí olùkọ́ni nípa ìlera, àwọn mìíràn sì wà ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, láìní ju apá kan àkókò wọn lọ fún un.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Bernardino Ramazzini, dókítà ará Ítálì, ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kà sí baba ìmọ̀ ìlera òṣìṣẹ́. Ní ọdún 1700 ni ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí àìsàn tó ń bá àwọn oníṣẹ́ jà, láti orí awakùsà dé orí amọ̀kòkò, ó sì gba àwọn dókítà yòókù nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa bi aláìsàn léèrè irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ní Norwich, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ Colman tó ń ṣe mọ́sítádì gba nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Phillipa Flowerday síṣẹ́ ní 1878. Láàárọ̀, ó máa ń ran dókítà ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́; lọ́sàn-án, a máa lọ bẹ àwọn òṣìṣẹ́ tí ara wọn kò yá wò nílé. Ní Amẹ́ríkà, Alice Hamilton ń ti ilé-iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn láti tọpasẹ̀ májèlé òjé lára àwọn òṣìṣẹ́, kí Yunifásítì Harvard tó gbà á ní 1919, tí ó fi di obìnrin àkọ́kọ́ nínú àwọn olùkọ́ ibẹ̀.

Ìdènà àìsàn tí iṣẹ́ ń fà ni gbogbo àwọn wọ̀nyí ń lé. Èrò pé ilé-iṣẹ́ lè fi kún ìlera ènìyàn, pé kò tó kí ó kàn má ba ìlera náà jẹ́, fẹsẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ní Ottawa, ní Kánádà, ní oṣù kọkànlá ọdún 1986. Ìwé àdéhùn ìpàdé náà sọ pé ibi tí ènìyàn ti ń kẹ́kọ̀ọ́, tí ó ti ń ṣiṣẹ́, tí ó sì ti ń ṣeré ni ìlera rẹ̀ ti ń wá. Ní 1997, ìkéde Luxembourg ti àwọn ará Yúróòpù sọ ọ́ di ohun tí agbanisíṣẹ́, òṣìṣẹ́ àti àwùjọ ní láti jọ ṣe, ó sì fi àtúnṣe sí ètò iṣẹ́ ṣíwájú ìmọ̀ràn tí a ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Òfin tó gbé iṣẹ́ náà ró

Ní Nàìjíríà, òfin ló kọ́kọ́ la ọ̀nà fún iṣẹ́ yìí. Òfin ayé ìjọba amúnisìn ti 1955 ló ṣíwájú Òfin Fákítọ̀rì ti 1987, tí àwọn olùbẹ̀wò láti Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti ìgbanisíṣẹ́ ń mú lò. Ibi tí ènìyàn 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ń ṣe nǹkan jáde ni ó ń wò ní pàtàkì, ó sì sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́tótó, afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀, omi mímu, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ohun tí a fi ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Báńkì àti ọ́fíìsì, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́, kọ́ ni àwọn tó kọ òfin náà ní lọ́kàn. Ó jẹ́ ohun ìyanu díẹ̀ pé irú ibi bẹ́ẹ̀ gan-an ni ètò ìlera òṣìṣẹ́ ti gbilẹ̀ jù lónìí.

Òfin Ìsanpadà fún Òṣìṣẹ́ ti 2010, tí NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó ìsanpadà náà, ń ṣàkóso, gbòòrò jù ú lọ. Ó kan agbanisíṣẹ́ ìjọba àti ti aládàáni, ó sì ní kí wọ́n máa san ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ wọn sínú àpò kan, inú rẹ̀ ni a ti ń san owó ìtọ́jú àti owó gbà-má-bínú fún ẹni tí iṣẹ́ pa lára tàbí tí àìsàn iṣẹ́ mú. Òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti fi ohun tó ṣẹlẹ̀ tó ọ̀gá létí, ọ̀gá sì ní ọjọ́ 7 láti sọ fún àjọ náà. Abala 8 òfin yìí dárúkọ másùnmáwo tí iṣẹ́ fà gẹ́gẹ́ bí ohun tí ènìyàn lè gba ìsanpadà lé lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbé àwọn ìdíwọ̀n lé e. Lẹ́yìn náà ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ní àgbáyé, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé fi ibi iṣẹ́ tí kò léwu tí kò sì ń ba ìlera jẹ́ kún àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2022.

Ẹ̀kọ́ àti bí ènìyàn ṣe ń wọlé

Nọ́ọ̀sì tó ti gba ìwé àṣẹ lè lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i nípa ìtọ́jú òṣìṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tó wà fún un ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Dókítà a máa gba ọ̀nà ìmọ̀ ìlera àwùjọ, lábẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń fún àwọn dókítà ní oyè àgbà. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan fún ìgbélárugẹ ìlera àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìlera, tí ó ń gba àwọn tí kì í ṣe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì pẹ̀lú.

Àwọn tó ka ìmọ̀ mìíràn sábà máa ń gba ìhà ààbò wọlé, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí NEBOSH tàbí IOSH ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí ti ISPON, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ààbò ní Nàìjíríà, tí òfin fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2014. Ọ̀pọ̀ àgùnbánirọ̀ ló ń fi ọdún ìsìnrú ìlú wọn gba irú ìwé ẹ̀rí ààbò kan tàbí méjì, nítorí pé wọ́n gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ epo ń béèrè fún un. Ìwé ẹ̀rí nìkan kì í gbé ènìyàn jìnnà. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ kì í fẹ́ pàdánù ni ẹni tó mọ bí iṣẹ́ ibẹ̀ ṣe ń lọ ní ti gidi, tó lè ka àkọsílẹ̀ àìwá síbi iṣẹ́ kí ó sì rí ohun tó wà nídìí rẹ̀. Yàtọ̀ sí ilé-iṣẹ́ epo, àwọn báńkì, ilé-iṣẹ́ ọtí, ti sìmẹ́ǹtì àti ti ìbánisọ̀rọ̀, àti àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera tó ń bá wọn ṣe àyẹ̀wò òṣìṣẹ́, wà lára àwọn tó ń gba irú ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ìwádìí sọ

Ìbéèrè tó le jù nínú iṣẹ́ yìí ni bóyá ètò tí a gbé kalẹ̀ ń ṣe òṣìṣẹ́ láǹfààní. Ní 2010, Katherine Baicker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard kó àwọn ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ jọ, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé dọ́là 1 tí ilé-iṣẹ́ bá ná sórí ètò ìlera a máa dín owó ìtọ́jú kù pẹ̀lú nǹkan bíi dọ́là 3.27, a sì máa dín àdánù àìwá síbi iṣẹ́ kù pẹ̀lú dọ́là 2.73. Àwọn tó ń ta irú ètò bẹ́ẹ̀ gbé ìṣirò yìí káàkiri. Ní 2019, Baicker kan náà àti Zirui Song tẹ èsì mìíràn jáde. Wọ́n ṣẹ́ kèké láàárín 160 ẹ̀ka ilé ìtajà BJ's Wholesale Club ní Amẹ́ríkà, 20 péré sì ni wọ́n fún ní ètò náà. Lẹ́yìn oṣù 18, àwọn òṣìṣẹ́ tó gbà á sọ pé àwọn ń ṣe eré ìdárayá sí i, àwọn sì ń ṣọ́ bí àwọn ṣe ń sanra. Ṣùgbọ́n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn, owó ìtọ́jú wọn àti iye ọjọ́ tí wọ́n pa jẹ kò yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Ìwádìí Yunifásítì Illinois tó jáde lọ́dún kan náà fi ohun tó ṣe é tí àwọn ìṣirò àtijọ́ fi dára tó bẹ́ẹ̀ hàn: àwọn tí ara wọn ti le tẹ́lẹ̀ ló ń yára forúkọ sílẹ̀.

Ní 2024, William Fleming ti Yunifásítì Oxford wo èsì ìwé ìbéèrè àwọn òṣìṣẹ́ 46,336 láti ilé-iṣẹ́ 233 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kọ́ nípa ìfaradà, áàpù orun àti irú wọn kò fi àwọn tó kópa sí ipò tó sàn ju ti àwọn tí kò kópa lọ. Iṣẹ́ àṣefẹ́ fún àwùjọ nìkan ló jọ pé ó ṣàǹfààní.

Ohun tó yé ni láti inú gbogbo èyí ni pé ètò iṣẹ́ gan-an ló yẹ kí a kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Àjọ HSE, tó ń rí sí ìlera àti ààbò níbi iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti pín ohun tó ń fa másùnmáwo sí mẹ́fà: ìwọ̀n iṣẹ́ tí a gbé lé ènìyàn lọ́wọ́, àṣẹ tí ó ní lórí bí yóò ṣe ṣe é, ìrànlọ́wọ́, àjọṣe pẹ̀lú àwọn yòókù, ìmọ̀ ojúṣe ẹni, àti bí a ṣe ń mú àyípadà wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé sì fi hàn ní 2021 pé iṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ kan ló wà nídìí ikú nǹkan bíi 745,000 ènìyàn, nípasẹ̀ àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn, ní 2016. Òṣìṣẹ́ tó ń ti Ìkòròdú tàbí Mowe lọ sí Victoria Island lójoojúmọ́ a máa jí kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì ní ka wákàtí tí ó lò nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ mọ́ wákàtí iṣẹ́. Bí alábòójútó ìlera bá lè gba ọ̀gá àgbà níyànjú pé kí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ṣiṣẹ́ láti ilé ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó ṣe ju eré ìdárayá ọjọ́ Sátidé lọ.

Àwọn tí kò ní agbanisíṣẹ́

Ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ni kò ní ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn: mẹkáníìkì, aránṣọ, ìyálọ́jà, ọlọ́kadà, alásè. Ìjàmbá òjé tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010, tí ó pa àwọn ọmọdé tó ju 400 lọ, fi ohun tí èyí lè yọrí sí hàn, nítorí pé ìyẹ̀pẹ̀ tó ní òjé nínú, tí àwọn awakùsà ń wá wúrà nínú rẹ̀, ni wọ́n ń lọ̀ nínú àgbàlá ilé wọn. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ẹgbẹ́ ọjà àti ilé ìlera alábọ́dé ni ènìyàn lè bá wọn sọ̀rọ̀ gbà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni àwọn ipò tí a ń san owó oṣù fún ní ìhà yìí.

Àṣírí òṣìṣẹ́

Ilé-iṣẹ́ ló ń san owó nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ló sì ni àṣírí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin 2014 tó de ìyàsọ́tọ̀ nítorí kòkòrò HIV kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti sọ àyẹ̀wò rẹ̀ di dandan kí ó tó gba ènìyàn síṣẹ́, òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra àkànṣe. Nítorí náà, ìròyìn tó bá máa dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà gbọ́dọ̀ jẹ́ àpapọ̀ iye, kì í ṣe orúkọ. Ní ọ́fíìsì tí ènìyàn kò ju mẹ́jọ lọ, àpapọ̀ iye pàápàá lè tú ẹnì kan fó, ó sì sàn kí a má kọ ọ́ rárá.

Àwọn nọ́ọ̀sì Nàìjíríà tó kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá ètò mìíràn pàdé níbẹ̀. Láti 2010 ni ìwé tó ń sọ ohun tí aláìsàn ṣì lè ṣe níbi iṣẹ́ ti rọ́pò ìwé tó kàn ń sọ pé ara rẹ̀ kò yá, láti oṣù keje ọdún 2022 sì ni nọ́ọ̀sì pẹ̀lú ti ní àṣẹ láti buwọ́ lù ú.