Scaphoid: eegun kékeré tí X-ray àkọ́kọ́ lè má rí

Bí ọ̀kadà bá gbé èèyàn ṣubú ní Ojúẹlẹ́gbà, tàbí tí ẹsẹ̀ bá yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ọjà Balógun nígbà òjò, ọwọ́ la kọ́kọ́ fi ń gbalẹ̀. Gbogbo ìwúwo ara á wá já lé ọrùn ọwọ́. Eegun kéékèèké 8 ló wà níbẹ̀, èyí tó sì máa ń kán jù nínú wọn ni scaphoid, tó wà ní ìhà àtàǹpàkò.

Ẹ ya àtàǹpàkò yín sẹ́yìn dáadáa, kòtò kékeré kan á yọ ní ìdí rẹ̀, láàárín iṣan. Bí ẹ bá ṣubú, tí wọ́n tẹ kòtò yẹn, tó sì dùn yín gan-an, ẹ gbà pé eegun ti kán títí àyẹ̀wò á fi sọ pé kò kán. Ọwọ́ lè má wú púpọ̀, ìka sì lè máa ṣiṣẹ́. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn máa sọ pé ó kàn rọ́ ni, tí wọ́n á sì máa fi òrí wọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ́ ọ.

X-ray ọjọ́ àkọ́kọ́ lè má fi nǹkan kan hàn. Dókítà tó mọṣẹ́ á ṣì fi POP (ẹfun líle tí wọ́n fi ń de eegun) dè é, á ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14 fún òmíràn. MRI, ẹ̀rọ mìíràn tó ń ya àwòrán inú ara, tètè ń rí i, àmọ́ owó rẹ̀ pọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ eegun yìí le. Ìhà ìka ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gbà wọlé, kó tó padà sẹ́yìn lọ sí ìhà apá. Bí páìpù omi bá bẹ́ láàárín àdúgbò, àwọn ilé tó wà ní ìpẹ̀kun ni kò ní rómi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdajì tó wà lẹ́yìn ibi tó kán ṣe lè kú. Bí eegun náà kò bá sì so pọ̀, láàárín ọdún mélòó kan oríkèé ọrùn ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi á di ohun tí ọwọ́ yẹn kò lè gbé.

Bí eegun tó kán kò bá yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, POP ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 ló máa ń wò ó. Bó bá yẹ̀, tàbí tó jẹ́ ìhà apá ló ti kán, iṣẹ́ abẹ ni: wọ́n á lọ́ irin tín-ín-rín kan wọnú rẹ̀. Ilé ìwòsàn eegun wà ní Igbóbì láti 1945. Àwọn kan ṣì ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò fi igi àti aṣọ dì í pinpin. Dídì bẹ́ẹ̀ lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró títí ọwọ́ á fi jẹrà, tí wọ́n á sì ní láti gé e.

Sìgá máa ń fa jíjiná eegun sẹ́yìn, nítorí náà kí ẹni tó ń fà á jáwọ́. Bí wọ́n bá sì tú POP, ẹ má tíì gbé ẹrù títí dókítà á fi yẹ̀ ẹ́ wò pé eegun náà ti so.